Gíríìn tíì láti Japan korò lẹ́nu mi bí ewúro: ibo ni mo ti ṣì í ṣe?

Àdùkẹ́_Bódìjà

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Àbúrò mi ọkùnrin tó ń kàwé ní Nagoya wálé lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó sì mú tíì wá fún èmi àti bàbá wa. Àpò fàdákà kékeré ni, 100 gíráàmù, wọ́n kọ sencha sí i lára. Ewé inú rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ bí abẹ́rẹ́, nígbà tí mo sì já ẹnu àpò náà, òórùn koríko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé ní òwúrọ̀ ló kọ lù mí. Inú mi dùn gan-an.

Mo gbé omi kaná, ó hó yaya. Mo bu ṣíbí ìjẹun méjì tó kún sínú ife ńlá, mo da omi lé e, mo fi ọmọrí dé e, mo bá lọ wẹ̀. Nígbà tí n ó fi dé, ó ti pọ́n rúsúrúsú. Mo fi ẹnu kàn án báyìí, ó korò ju ewúro tí a kò fọ̀ lọ, ó tún gba ahọ́n mi pọ̀ bí ìgbà téèyàn bá ge ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú jẹ. Bàbá mi mu ẹ̀ẹ̀kan, wọ́n rọra gbé e kalẹ̀, wọ́n bi mí bóyá àgbo ibà ni. Àbúrò mi ti padà sẹ́nu ẹ̀kọ́, kò tíì dá mi lóhùn. Owó ọwọ́ rẹ̀ ló fi rà á, mi ò fẹ́ kó ṣòfò. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló mọ̀ ọ́n ṣe láàárín wa?

Bàbá_Àkàndé (Abẹ́òkúta)

Àdùkẹ́ ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Èmi náà ti ń mu gíríìn tíì, èyí tó máa ń wà nínú àpò pélébé olókùn, láti ìgbà tí dókítà ti ní kí n dín ṣúgà kù. Bó ṣe korò yẹn ni mo mọ̀ ọ́n sí. Mo gbà pé bí oògùn ṣe ń rí náà nìyẹn, mo máa ń dijú mu ún ni. Fi oyin díẹ̀ sí i, kí o sì fún ọsàn wẹ́wẹ́ lé e, á ṣeé mu.

ÌyáTáíwò_Shizuoka

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, gbogbo ilé. Bàbá Àkàndé, mo kúnlẹ̀ kí n tó sọ̀rọ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú sí mi. Sencha kò yẹ kó korò tó bẹ́ẹ̀ rárá, kò sì yẹ kí àgbà dijú mu ún. Kò sí ohun tó ṣe ewé Àdùkẹ́. Omi ló gbóná jù, ewé pọ̀ jù, ó sì pẹ́ jù nínú omi.

Ọdún 11 rèé tí èmi àti ọkọ mi ti ń gbé ní Shizuoka, ní Japan. Lójú ọ̀nà ibi iṣẹ́ mi, oko tíì ni mo máa ń rí lọ títí dé orí òkè, wọ́n gé orí rẹ̀ rogodo bí ẹni gé irun ọmọ iléèwé, fáànù gíga gíga sì wà lórí òpó láàárín oko. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, mo rò pé iná mọ̀nàmọ́ná ni wọ́n fi ń fà. Àṣé atẹ́gùn tó lọ́ wọ́rọ́ lókè ni wọ́n fi ń fẹ́ wá sílẹ̀, ní òru tí òtútù bá fẹ́ pa ọ̀mùnú ewé. Ìtọ́jú tí wọ́n ń ṣe fún ewé yìí ló mú kí n kọ́ bí wọ́n ṣe ń mu ún, nítorí ó dùn mí nígbà kan tí mo rí i pé ṣúgà àti mílíìkì ni mo ń dà lé e lórí.

Ẹ jẹ́ kí n mú un láti oko. Igi tí wọ́n ti ń já gíríìn tíì ni wọ́n ti ń já tíì pupa tí a mọ̀ nílé. Ẹ wo iṣu tí a bó tí a kò tètè sọ sómi, ṣé kì í dúdú? Bẹ́ẹ̀ ni ewé tíì náà ṣe máa ń pọ́n bí a bá já a tí a fi í sílẹ̀. Àwọn ará China sábà máa ń yan tiwọn nínú agbada gbígbóná kó má baà pọ́n. Àwọn ará Japan a máa fi ooru omi híhó sè é, bí a ṣe ń se mọ́ínmọ́ín láì jẹ́ kí omi kàn án, fún ìgbà díẹ̀ péré. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á máa fi ọwọ́ tàbí ẹ̀rọ yí i bó ṣe ń gbẹ, títí yóò fi rí bí abẹ́rẹ́. Àgbẹ̀ kan tó ń jẹ́ Nagatani Soen, ní Ujitawara lẹ́bàá Kyoto, ni wọ́n máa ń dárúkọ pé ó gbé ọ̀nà yìí kalẹ̀ ní 1738. Torí ooru omi yẹn ni òórùn koríko tútù fi wà nínú àpò rẹ, Àdùkẹ́.

Ọ̀rọ̀ kíkorò wá kàn. Nǹkan mẹ́ta ló wà nínú ewé náà tí ahọ́n máa ń dá mọ̀. Theanine ló ń fún un ní adùn, kì í sì í ṣe adùn ṣúgà, adùn omi ọbẹ̀ ẹja tútù ni. Caffeine ló korò. Catechin ló ń gba ahọ́n pọ̀. Theanine kì í bèèrè iná: omi lílọ́ wọ́rọ́ á fà á jáde. Àwọn méjì tó kù, bí omi bá ṣe gbóná tó ni wọ́n ṣe ń tú jáde tó. Ẹ̀yin tí ẹ mọ àgbo náà mọ̀ pé egbò tí a rẹ sómi tútù àti èyí tí a sè lórí iná kì í jáde bákan náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdí igi kan ni a ti wà á. Àdùkẹ́, omi híhó tí o dà lé ewé rẹ kó gbogbo kíkorò jáde lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì bo adùn mọ́lẹ̀.

Màmá kan wà ní àdúgbò wa, wọ́n ti lé ní 80 ọdún, àwọn ló kọ́ mi. Wọn ò ní tẹmómítà. Wọ́n á kọ́kọ́ da omi híhó sínú àwọn ife òfìfo, kì í ṣe sórí ewé. Ife á gbóná, omi á tutù díẹ̀, wọ́n á sì mọ iye omi tí ẹni tó wà níjokòó máa mu. Ìgbàkígbà tí a bá yí omi láti inú ohun kan sí òmíràn, ó máa ń dín ooru rẹ̀ kù bíi 5 sí 10°C. Wọ́n á wá fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì di ife mú. Bí ó bá ń jó wọn, wọ́n á gbé e kalẹ̀, wọ́n á máa bá mi sọ̀rọ̀ ọmọ wọn tó wà ní Tokyo. Bí ọwọ́ bá ti lè gbà á, wọ́n á ní ó tó. Omi á ti wà láàárín 70 sí 80°C nígbà yẹn, ohun tí sencha sì ń fẹ́ nìyẹn.

Fún ẹni méjì, ṣíbí ìpotíì méjì tí kò kún, bíi gíráàmù 4, ti tó. Omi ife kékeré méjì, bíi 160 sí 180 mílílítà. Da omi náà lé ewé, dé e, kí o sì dúró fún ìṣẹ́jú kan. Má rò ó, má mì í. Ìpo tíì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í ṣe: má ṣe da ife kan kún kó o tó kan èkejì. Da díẹ̀ sí èyí, díẹ̀ sí ìyẹn, kí o tún padà sí ti àkọ́kọ́, kí wọ́n lè ki bákan náà. Gbé ìkòkò náà sókè títí ẹ̀kán tó gbẹ̀yìn á fi já bọ́, nítorí ẹ̀kán ìkẹyìn yẹn ló dùn jù, omi tó bá sì kù sínú ewé ni yóò ba ìrẹ kejì jẹ́.

Àdùkẹ́_Bódìjà

Ẹ ṣé gan-an ni, Màmá Táíwò! Èmi tó lọ wẹ̀, mo lò tó ìṣẹ́jú 15. Mi ò ní ìkòkò tíì wọn o, èyí tó ní ọwọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí mo máa ń rí nínú àwòrán. Ṣé n ó kọ́kọ́ lọ ra ìyẹn ná?

ÌyáTáíwò_Shizuoka

Rárá o, ọmọ mi. Kyusu ni orúkọ ìkòkò yẹn. Àwọn tó lórúkọ jù ni ti Tokoname ní ìpínlẹ̀ Aichi, tí Nagoya tí àbúrò rẹ wà jẹ́ olú ìlú rẹ̀. Amọ̀ pupa ni wọ́n sábà fi ń mọ ọ́n, ó ní asẹ́ nínú ní ìdí ẹnu rẹ̀. Bó bá tún ń bọ̀ wálé, ní kó mú ọ̀kan wá. Ní báyìí, wá ife méjì àti asẹ́ tíì kékeré. Rẹ ewé sínú ife kan, kí o wá sẹ́ ẹ sínú èkejì. Àyè kí ewé nà ló ṣe pàtàkì, ìdí nìyẹn tí mi ò fi gba ti irin roboto onihò tí wọ́n máa ń há ewé mọ́ inú rẹ̀.

Sùúrù_Ọ̀ṣun

Ẹ jọ̀ọ́, mo ní ìbéèrè kan. Wọ́n kọ́ wa látilẹ̀ pé kí omi hó kí kòkòrò àìsàn inú rẹ̀ lè kú. Omi 70°C yìí, ṣé kò ní kó wa sí wàhálà?

ÌyáTáíwò_Shizuoka

Ìbéèrè gidi ni. Ẹ jẹ́ kó hó dáadáa ná, kí ẹ tó jẹ́ kó tutù. Omi tó ti hó tí a sì jẹ́ kó rọlẹ̀ sínú ohun tó mọ́ kì í tún padà di ẹlẹ́gbin. Ẹ má ṣe sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kúrò lórí iná nígbà tí kò tíì hó.

Túndé_Surulere

Ẹ̀yin ará, ẹ gbà mí. Mo tẹ̀ lé gbogbo àlàyé Màmá Táíwò láàárọ̀ yìí, nítorí èmi náà ní sencha tí ọ̀gá mi fún mi lọ́dún tó kọjá. Omi kànga ẹ̀rọ ilé wa ni mo lò. Bí mo ṣe da omi lé ewé báyìí, kò pẹ́ rárá tó fi dúdú, ó ní àwọ̀ aró díẹ̀, bí ẹni fọ adìrẹ. Mo dà á nù. Ṣé tíì náà ti bàjẹ́ ni?

Ọmọ_Peckham

Bọ̀ọ̀dá Túndé, omi yín ni. Ṣé kì í fi àwọ̀ ìpẹtà sílẹ̀ lára báfù yín àti bọ́kẹ́ẹ̀tì? Irin ló wà nínú rẹ̀. Irin àti ohun tó ń gba ahọ́n pọ̀ nínú tíì kì í rí ara wọn kí wọ́n má dúdú. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ pé òótọ́ ni, ẹ po ewé kan náà pẹ̀lú píọ̀ wọ́tà, kí ẹ gbé ife méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

Èmi náà jìyà omi níbí ní London. Omi ibí gba inú òkúta ẹfun kọjá, ó sì le, ẹ ó rí i bí funfun ṣe ń lẹ̀ mọ́ inú kẹ́tù. Odindi oṣù mẹ́ta ni mo fi ń bú ẹni tó ta tíì fún mi, nítorí ife mi kì í ní òórùn, á kàn rí bí omi tí wọ́n fi ṣan ewé, nǹkan fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan á sì léfòó lójú rẹ̀. Omi Japan rọ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi, irú omi bẹ́ẹ̀ ni tíì náà mọ̀. Mo wá ra jọ́ọ̀gì alásẹ́ tó máa ń yọ ẹfun kúrò nínú omi. Ní ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ lò ó, mo jókòó sí etí tábìlì ilé ìdáná, mo mu ún, mo tún pe ìyàwó mi pé kó wá tọ́ ọ wò. Ewé kan náà, àpò kan náà! Omi lásán ló yàtọ̀.

Túndé_Surulere

Mo ti dán an wò. Ti píọ̀ wọ́tà yẹn mọ́ lóló, ó ní àwọ̀ ewé tó dà pọ̀ mọ́ ìyeyè. Ti kànga ẹ̀rọ dúdú bí ti àná. Ọlọ́run á san yín lẹ́san. N ó pe ẹni tó máa wo omi ilé wa, torí òun náà ni a fi ń se ọbẹ̀.

Nọ́ọ̀sì_Ìlọrin

Ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí n ya ọ̀rọ̀ lọ sí apá tèmi díẹ̀. Bí tíì ṣe ń di irin inú omi mú náà ló ń di èyí tó wà nínú oúnjẹ mú, pàápàá irin tó wà nínú ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà. Bí ẹ bá ti jẹun tán, ẹ jẹ́ kó tó wákàtí kan kí ẹ tó mu ún. Ẹ̀yin tí wọ́n ti sọ fún pé ẹ̀jẹ̀ yín kéré, ẹ̀yin ni mo ń bá wí jù. Àwọn aláboyún, ìmọ̀ràn tí wọ́n ń fúnni ní ilé ìwòsàn ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni pé kí caffeine má kọjá 200 mílígíráàmù lójúmọ́, àti kọfí, àti tíì, àti kóòkì, àpapọ̀ gbogbo rẹ̀ ni o. Ẹni tó bá sì ń lo warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, kó sọ fún dókítà rẹ̀ kó tó sọ gíríìn tíì di ojoojúmọ́, pàápàá matcha, ìyẹn gíríìn tíì tí wọ́n lọ̀ kúnná, nítorí odindi ewé ni ẹni tó ń mu matcha ń gbé mì, vitamin K wà nínú rẹ̀, ó sì lè dí oògùn náà lọ́wọ́.

Bàbá Àkàndé, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má tìtorí tíì fi oògùn ìtọ̀ ṣúgà sílẹ̀. Ẹ má sì ra àwọn kóró oògùn tí wọ́n fi ohun tó wà nínú gíríìn tíì ṣe. Ní 2018, àjọ tó ń rí sí ààbò oúnjẹ ní Yúróòpù sọ pé bí EGCG, ìyẹn olórí nínú àwọn catechin yẹn, bá tó 800 mílígíráàmù lójúmọ́ láti inú irú kóró bẹ́ẹ̀, ó lè ṣe ẹ̀dọ̀ ní jàǹbá. Ti inú ife kò rí bẹ́ẹ̀.

Bàbá_Àkàndé (Abẹ́òkúta)

Ọmọ mi, o ṣeun, Ọlọ́run á bù kún ọ. Mi ò ní fi oògùn mi sílẹ̀. Mo ti jẹ́ kí omi tutù fún tèmi inú àpò olókùn yẹn lónìí, mo sì yọ ọ́ lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan dípò kí n fi í sínú ife títí n ó fi mu ún tán. Mi ò fi oyin sí i. Mo mu ún tán láì dijú.

Fúnmi_Houston

Ẹ̀gbọ́n Táíwò, ẹ kú iṣẹ́ ńlá. Èmi ní tèmi, matcha ni mo rà. Ó wọ́n bí ojú. Mo bu ú sínú ife, mo da omi híhó lé e, mo fi ṣíbí rò ó. Ó dì ní kókó kókó bí ẹ̀kọ tí a kò pò dáadáa, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì dà bí erùpẹ̀. Kí ni kí n ṣe?

ÌyáTáíwò_Shizuoka

Fúnmi, bí o ṣe máa ń ṣe èlùbọ́ ni kí o ṣe é: jọ̀ ọ́ kó tó kan omi. Fi asẹ́ kékeré jọ gíráàmù 2, ìyẹn ṣíbí ìpotíì kan tí kò kún, sínú àwo jíjìn tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀. Da omi bíi 70 mílílítà lé e, kí ooru rẹ̀ wà ní nǹkan bí 80°C. Chasen ni wọ́n fi ń lù ú, ìgbálẹ̀ kékeré tí wọ́n fi ọparun kan ṣoṣo gbẹ́ ni. Ní Takayama, ní ìpínlẹ̀ Nara, ọwọ́ ni wọ́n ṣì fi ń la ọparun náà di fọ́nrán wẹ́wẹ́. Mo lọ wò ó lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀bẹ bàbá tó ń la ọparun yẹn kò dúró, wọn ò sì wo ọwọ́ wọn lẹ́ẹ̀mejì, eteetí fọ́nrán náà tẹ́ẹ́rẹ́ débi pé ó ń tẹ̀ bí irun. Kó o tó lò ó, rẹ ẹ́ sínú omi lílọ́ wọ́rọ́ kí fọ́nrán rẹ̀ lè rọ̀, kó má baà ṣẹ́.

Má rò ó yípo. Lọ síwá sẹ́yìn kíákíá láti ọrùn ọwọ́, bí ẹni ń kọ W, má sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìdí àwo. Bí ìṣẹ́jú-àáyá 15 sí 20, ìfófòó á bo ojú rẹ̀. Bí kò bá sí chasen, da matcha tí o ti jọ̀ àti omi díẹ̀ sínú ìgò olómorí, kí o mì í kíkankíkan. Omi tó tutù ni kí o fi ṣe ti inú ìgò o, kí ọmọrí má baà fò.

Ìdí tó fi wọ́n: oko tí wọ́n máa fi ṣe matcha, wọ́n máa ń bò ó mọ́ oòrùn fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí wọ́n tó já a. Oòrùn ló ń sọ theanine di catechin nínú ewé, nítorí náà èyí tó wà ní ibòji máa ń dùn jù. Wọ́n á yọ iṣan àti igi ewé kúrò, wọ́n á wá fi ọlọ òkúta lọ̀ ọ́. Ọlọ kan kì í lọ̀ ju nǹkan bí 40 gíráàmù ní wákàtí kan, torí bó bá yára, ooru á ba òórùn rẹ̀ jẹ́. Láti 2024 ni àwọn tó ń fẹ́ ẹ káàkiri ayé ti pọ̀ débi pé àwọn ilé ìtajà ní Kyoto bẹ̀rẹ̀ sí í díwọ̀n iye tí ẹnì kan lè rà. Bó bá ṣe mílíìkì àti yìnyín lo fẹ́ pò ó mọ́, má ra èyí tó wọ́n jù lọ, mílíìkì á bo ohun tí o sanwó lé.

Alágbẹ̀_Ìdí-Ayùnrẹ́

Ẹ kú ìjókòó. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé igi tíì yìí wà ní Nàìjíríà. Orí òkè Mambilla ní ìpínlẹ̀ Taraba ni oko rẹ̀ wà, nítorí ibẹ̀ ga, ó sì tutù. Iléeṣẹ́ ìwádìí kòkó tó wà ní Ìdí-Ayùnrẹ́ níbí, lẹ́bàá Ìbàdàn, tíì wà lára ohun ọ̀gbìn tí ìjọba ní kí wọ́n máa ṣe ìwádìí lé lórí, pẹ̀lú obì, kaṣú àti kọfí. Tíì pupa ni wọ́n fi ń ṣe jù lọ́hùn-ún. Ìbéèrè mi: Shizuoka yín yẹn, ṣé òun ṣì ni olórí níbi tíì gbígbìn?

ÌyáTáíwò_Shizuoka

Ẹ ṣeun tí ẹ sọ ti Mambilla, inú mi dùn láti gbọ́ ọ. Ìdáhùn yẹn dun àwọn ará ibí. Ní 2024, Kagoshima tó wà níhà gúúsù gba ipò kìíní lọ́wọ́ wa níbi iye ewé tí wọ́n ń ṣe. Oko tiwọn tẹ́jú, ẹ̀rọ ńláńlá lè wọ inú rẹ̀. Tiwa wà ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, àwọn àgbàlagbà ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, àwọn ọmọ wọn sì ti lọ sí ìlú ńlá. Oko méjì tí mo mọ̀ lójú ọ̀nà iṣẹ́ mi ti di igbó.

Àdùkẹ́_Bódìjà

Ẹ̀yin ará, mo ti dé o! Mo ṣe é bí Màmá Táíwò ṣe wí, pẹ̀lú píọ̀ wọ́tà. Mo da omi sínú ife, mo dì í mú, ó jó mi, mo gbé e kalẹ̀, mo tún dì í mú títí ọwọ́ mi fi gbà á. Ìṣẹ́jú kan géérégé, mo fi fóònù mi wò ó. Mo sẹ́ ẹ sínú ife wa méjèèjì, díẹ̀ síbí, díẹ̀ sọ́hùn-ún.

Àwọ̀ rẹ̀ rí bí ọ̀mùnú ewé ọsàn. Mo mu ún, mo dákẹ́. Adùn ọbẹ̀ ẹja yẹn, mo bá a pàdé! Ó wà lẹ́yìn ahọ́n, ó sì pẹ́ kó tó lọ. Kíkorò wà níbẹ̀ díẹ̀, bíi ti orógbó tí adùn rẹ̀ máa ń tẹ̀ lé e. Mo da omi lé ewé náà lẹ́ẹ̀kejì, mi ò tilẹ̀ dúró tó ìṣẹ́jú kan, ó tún dára.

Ẹjọ́ kan ló kù. Mo gbé àpò náà sínú fíríìjì láti ọjọ́ tí mo ti já a, irú àti edé gbígbẹ sì wà nínú fíríìjì yẹn. Bàbá mi ní àwọn ń gbóòórùn irú nínú ife tàwọn. Mo rò pé ojú mi ló ń ṣe mí, ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé àpò náà sí imú, òótọ́ ni.

ÌyáTáíwò_Shizuoka

O kú oríire, ọmọ mi! Ewé tíì a máa fa òórùn bí òwú ṣe ń fa omi. Inú fíríìjì dára fún èyí tí a kò tíì já, bí a bá sì gbé e jáde, a ó jẹ́ kó jókòó níta títí kò fi ní tutù mọ́ kí a tó já a, kí omi má baà là sára ewé. Èyí tí a bá ti já, inú agolo tí ọmọrí rẹ̀ le ni kó wà, níbi tí kò sí ìmọ́lẹ̀ àti ooru, ká sì mu ún tán láàárín oṣù kan.

Má sọ èyí tó gbóòórùn irú yẹn nù. Gbé páànù gbígbẹ kaná, páànù tí a kò tíì fi dín nǹkan o, kí iná má pọ̀. Da ewé sí i, bíi ẹ̀kúnwọ́ kan, kí o máa mì ín bí ẹni yan ẹ̀pà, má fi í sílẹ̀. Á kọ́kọ́ rú èéfín fẹ́ẹ́rẹ́. Lẹ́yìn náà òórùn á yí padà, á dà bí àgbàdo sísun, ewé á sì pọ́n bí awọ ẹ̀pà. Gbé e kúrò lórí iná lójú ẹsẹ̀, dà á sórí àwo tó tutù, torí ooru inú páànù á ṣì máa jó o. Hojicha ló dà yẹn. Òun ni ìwọ lè da omi híhó lé lórí láì bẹ̀rù, ìṣẹ́jú-àáyá 30 péré, torí iná ti pa púpọ̀ nínú ohun tó ń gba ahọ́n pọ̀. Ìyá àgbà àdúgbò wa, hojicha ni wọ́n máa ń mu lálẹ́.

Bí o bá tún ní ewé tó dára tó kù, ooru Ìbàdàn ń bọ̀: fi gíráàmù 10 sínú omi mímu lítà kan, gbé e sínú fíríìjì láti alẹ́, kí o sẹ́ ẹ láàárọ̀. Kì í korò rárá. Fi ìdérí tó le dé e, nítorí irú.

Àdùkẹ́_Bódìjà

Mo ti yan án. Gbogbo ilé ló ń ta sánsán bí ìgbà tí wọ́n ń sun àgbàdo lójú títì, aládùúgbò wa kan ilẹ̀kùn láti bèèrè ohun tí mo ń sè. Òórùn irú ti lọ pátápátá. Bàbá mi mu ife méjì ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n ní kí n bá àwọn dúpẹ́ lọ́wọ́ Màmá Táíwò, kí n sì béèrè bóyá a tún lè da omi lé ewé tó kù nínú asẹ́ yìí.

ÌyáTáíwò_Shizuoka

Ẹ bá mi kí Bàbá. Ẹ lè tún da omi híhó lé e lẹ́ẹ̀kan sí i, kó pẹ́ díẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ tẹ́ ewé náà sí oòrùn kó gbẹ, kí ẹ wá dì í sínú aṣọ kékeré, kí ẹ sì fi í sínú fíríìjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ irú.